Kápẹ́ẹ̀tì Ìta Ilé

Ní ìgbà òjò kan, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì inú yàrá sí fàràńdà ìta. Mo rò pé ẹwà ni mo ṣe. Òjò rin ín gbingbin, ó ń rùn, abẹ́ rẹ̀ sì funfun bíi búrẹ́dì tó ti bu. Ikọ́ fée ọmọ mi tún bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi yọ̀ lórí rẹ̀, ó fi ìdí sọlẹ̀ gbì. Ọlọ́run ló yọ wá. Egungun àgbà kì í tètè jinná.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Kápẹ́ẹ̀tì olówùú tàbí onírun àgùntàn kì í ṣe ti ìta, omi ni wọ́n ń mu. Èyí tí a fi fọ́nrán ike tí à ń pè ní polypropylene hun kì í mu omi. Òun ni kí ẹ rà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bí rọ́bà bá bò ó pátápátá, omi yóò há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ lè máa ká a sá sóòrùn. Ẹ má tẹ́ ẹ síbi tí omi ń dárogún sí. Bí etí rẹ̀ bá ká sókè, ẹ tètè tún un ṣe, kí ó má baà gbé àgbà ṣubú.

Ẹwà ìta dára, ṣùgbọ́n ìlera ló ṣáájú.