Nígbà Tí Apá Iná Orí Tábìlì Bá Gan

Aládùúgbò mi, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé irú epo wo ló yẹ kí ẹ kán sí iná alápá tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ yín, nítorí ó ti gan débi pé ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń fà á, tábìlì pàápàá a sì fẹ́ bá a gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé epo tì ná. Nínú ọ̀pọ̀ iná alápá tó gan, kì í ṣe pé epo ló tán níbẹ̀. Wọ́n ti yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ le koko ni, kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ tí sípíríǹgì kò ṣe mọ́. Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé rẹ̀ láti ìdí dé orí.

Iná tó ṣeé fà síwá sẹ́yìn kì í ṣe afẹ́. Ní Ọjà Akẹ̀sán yìí, ọjà ọba tó wà nítòsí ààfin Aláàfin Ọ̀yọ́, àti ní àwọn àdúgbò tó yí i ká, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń tún aago ṣe, télọ̀, àti àwọn tó ń fín igbá, iṣẹ́ tí wọ́n mọ ìlú Ọ̀yọ́ mọ́ láti ayébáyé, ojú ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Bí gílóòbù bá wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí iṣẹ́, tí ẹ fà á súnmọ́ ọn títí ó fi ku 30, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí iṣẹ́ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, láìfi kọ́bọ̀ kan kún owó iná. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń fi bátìrì tàbí sólà ṣiṣẹ́, ó sì ṣe pàtàkì fún àgbà, torí bí a ṣe ń dàgbà ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọnú ẹyinjú wa ń dínkù. Iná tó bá gan, ẹ ò ní fẹ́ máa fà á. Ẹ óò fi í sójú kan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò wá máa na ọrùn lọ bá a.

Ẹni tó gbé irú iná yìí kalẹ̀ ni George Carwardine, ẹnjiníà kan ní ìlú Bath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sípíríǹgì tó ń gbé ara ọkọ̀ lójú ọ̀nà gbágungbàgun ni iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú, ibẹ̀ ló sì ti rí ọgbọ́n náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ilé iṣẹ́ Herbert Terry ní Redditch, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ sípíríǹgì ṣíṣe, ló bá a ṣe é jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní Anglepoise. Èyí àkọ́kọ́ ní sípíríǹgì mẹ́rin. Ní 1935 ni wọ́n mú onímẹ́ta jáde fún ilé àti ọ́fíìsì. Ní 1937, Jac Jacobsen, ará Norway, gbé tirẹ̀ tó ń jẹ́ Luxo jáde pẹ̀lú ọgbọ́n kan náà. Olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà lọ́jà lónìí, tó bá ti ní sípíríǹgì lápá, ìran wọn ni.

Apá iná náà dà bí apá èèyàn: èjìká rẹ̀ wà níbi tó ti jókòó sí ìdí, ìgbọ̀nwọ́ wà láàárín, ọrùn ọwọ́ wà níbi tí orí iná so mọ́. Sípíríǹgì ni iṣan rẹ̀. Bí ẹ bá na apá yìí jìnnà, orí iná á túbọ̀ máa fà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí apá ṣe ń nà ni sípíríǹgì ń gùn, bó sì ṣe ń gùn ni agbára tó fi ń fà padà ń pọ̀ sí i. Wọ́n yan ojú ibi tí wọ́n so sípíríǹgì mọ́ kí méjèèjì lè máa dọ́gba níbikíbi tí ẹ bá gbé iná sí. Sípíríǹgì ló ni ẹrù, òun ló ń gbé e. Nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà tó wà ní oríkèé kò lẹ́rù kankan. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n fara kínra díẹ̀, kí apá má baà máa mì.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí agbára sípíríǹgì dínkù, tàbí kí wọ́n fi gílóòbù LED tó wúwo ju ti àtijọ́ lọ sí i. Iná wá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ín kò wo sípíríǹgì, ó mú nọ́ọ̀tì, ó yí i le. Iná dúró, ṣùgbọ́n ó gan. Ó kán epo sí i. Epo mú kí wọ́ṣà máa yọ̀, iná tún sọ̀ kalẹ̀, ó tún yí nọ́ọ̀tì le sí i. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku, ìrun òwú àti eérún igbá lẹ̀ mọ́ epo náà, ó gbẹ, ó dì mọ́ oríkèé. Èyí ni mo fi ní kí ẹ gbé epo tì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lójú iná pátápátá. Ẹ má wò ó pé kò síná: wọ́n lè mú un dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lára irin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan di apá náà mú, kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ìlàjì ìyípo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ máa dán an wò. Ohun tó bá ṣe ni yóò sọ àìsàn rẹ̀. Bó bá rọrùn láti fà, tó sì dúró níbi tí ẹ fi í sí, wọ́n kàn yí i le jù ni; iṣẹ́ ti parí. Bó bá ṣubú, sípíríǹgì kò ká ẹrù rẹ̀ mọ́. Bó bá fò sókè, orí rẹ̀ ti fúyẹ́ jù. Bí ẹ bá sì dẹ nọ́ọ̀tì tán tí kò mira, ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà ló wà nínú oríkèé, ẹ ní láti tú u. Ẹ tún wo wáyà tó gba ara apá náà kọjá: bó bá há, tàbí tó kúrú jù, òun náà lè máa fa apá sẹ́yìn. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti là, ẹ jẹ́ kí oníná pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tún tàn án, torí irin ni apá yẹn.

Kí ẹ tó tú oríkèé, ẹ gbé apá náà sí ibi tí sípíríǹgì ti kúrú jù, kí ẹ fi pílásì yọ ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ojú sẹ́yìn. Sípíríǹgì tó bá ta nígbà tó ṣì nà lè fọ́ni lójú. Ẹ fi fóònù ya àwòrán bí wọ́ṣà ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ tò wọ́n sórí aṣọ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rin kẹrosín sí nu irin, kí ẹ fi sànpépà ha ìpẹtà kúrò. Wọ́ṣà oníke, ọṣẹ àti omi ló tọ́ sí i. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ nǹkan kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rántí pé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni iná jó Ọjà Akẹ̀sán, dúkìá ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣòfò. Aṣọ kẹrosín pàápàá, ìta ni kí ó ti gbẹ.

Bí wọ́ṣà kan bá ti jẹ tán, ìlú wa ní oògùn rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ róbótó fún yín, kí wọ́n dá a lu láàárín. Awọ gbígbẹ máa ń fara kínra dáadáa, kì í sì í yọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ yí nọ́ọ̀tì títí apá yóò fi dẹ́kun mímì, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá ṣì ń sọ̀, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì mọ́. Ẹ gbé ìkọ́ sípíríǹgì lọ sí ihò tó máa jẹ́ kó nà sí i, bí ihò bá wà. Bí kò bá sí, ẹ fi gílóòbù tó fúyẹ́ sí i, tàbí kí ẹ wá sípíríǹgì mìíràn lára iná alápá tó ti bàjẹ́. Bó bá ń fò sókè, ẹ dín nínà náà kù. Bí ìkọ́ sípíríǹgì bá ń han, ẹ̀kán epo kan péré tó o, ibẹ̀ nìkan sì ni epo láyè lára iná yìí.

Lákòókò ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku oríkèé kúrò. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní ìdánwò ìlàjì ìyípo yẹn, kí wọ́n tó kọ́ bí a ṣe ń lo sípánà. Ọmọ tó bá ti mọ ibi tí ẹrù wà kò ní fi agbára yí ohun tí kò jẹ̀bi, ì báà jẹ́ iná, ì báà jẹ́ máṣíìnì ìránṣọ.