Àgbàdo tó bu, májèlé ni

Ní Parakou, òjò máa ń pọ̀ láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ yàrá á tutù, ògiri á rin. Àpò àgbàdo tó bá wà nílẹ̀ á bu.

Ẹ má sọ pé ẹ ó fọ̀ ọ́ fi ṣe ògì. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á. Lọ́dún 2004, ó pa èèyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Ẹ má fún ọmọ, ẹ má fún adìẹ.

Kí ni ká ṣe? Ẹ sá àgbàdo lórí ẹní. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìgò, àgbàdo kò tíì gbẹ. Ẹ tún un sá.

Tó bá gbẹ, ẹ gbé àpò sórí igi, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri.