Ẹ Ka Tíkẹ́ẹ̀tì Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sin àwọn èèyàn tó ń lọ sí Mẹ́kà dé pápákọ̀ tí a fi orúkọ Tunde Idiagbon pè. Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí jìnnà ju Mẹ́kà lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Karíbíánì.

Erékùṣù ni wọ́n, ìyẹn ilẹ̀ tí omi yí ká. Jàmáíkà, Trinidad àti Antigua wà lára wọn, ní òdìkejì òkun, nítòsí Amẹ́ríkà. Láyé òwò ẹrú, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ síbẹ̀. Títí di òní, àwọn kan ń bọ Ṣàngó ní Trinidad.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2020, ọkọ̀ Air Peace gbé èrò láti Èkó lọ sí Jàmáíkà láìdúró lọ́nà. Irú èyí kì í wáyé lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ èrò ní láti gba ìlú mìíràn kọjá, bíi Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Kí ló dé tí owó àwọn ọkọ̀ kan fi kéré?

Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú dà bí olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì lọ́tọ̀, tó ń ta ẹran lọ́tọ̀. Owó ìjókòó nìkan ni ẹ kọ́kọ́ rí. Owó ẹrù ń bọ̀, owó oúnjẹ náà ń bọ̀. Wọ́n to ìjókòó súnmọ́ra kí èrò lè pọ̀. Ọkọ̀ wọn kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó dúró kì í pa owó. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, bí a bá ti ka ìwé.

Ohun mẹ́rin tí ẹ gbọ́dọ̀ kà

1. Orúkọ. Bí páásípọ́ọ̀tù bá pè yín ní Sulaiman, tí tíkẹ́ẹ̀tì pè yín ní Sule, wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀.

2. Ẹrù. Kílò mélòó ni wọ́n gbà? Ẹ wọn ẹrù yín láti ilé.

3. Ìpààrọ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọkọ̀ kìíní pẹ́, ọkọ̀ kejì kò ní dúró dè yín. Owó yín lè gbé.

4. Físà. Bí ọkọ̀ bá gba Amẹ́ríkà kọjá, wọn yóò béèrè físà lọ́wọ́ yín, bí ẹ ò tilẹ̀ jáde ní pápákọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Antigua

Ní òpin ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú kó èrò láti Áfíríkà lọ sí Antigua. Ọ̀pọ̀ ará Cameroon bá wọn lọ. Ogun ń lé àwọn mìíràn nílé, wọ́n sì fẹ́ ti ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kò là bí wọ́n ti rò. Owó tán, wọ́n há síbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó gbé èèyàn 32 kúrò ní Antigua rì nítòsí St. Kitts. Èèyàn 16 péré ni wọ́n rí gbà là.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀, ẹ ní kó mú ìwé náà wá. Ẹ kà á fúnra yín. Ẹ wò ó bóyá tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìbéèrè

1. Kí ni erékùṣù?
2. Kí ló dé tí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kì í fi í pẹ́ nílẹ̀?
3. Ẹ ka ohun mẹ́rin tí ó yẹ kí ẹ wò lára tíkẹ́ẹ̀tì.