Ẹ Má Jẹ́ Kí Áyódíìnì Inú Iyọ̀ Ṣòfò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Ọ̀tọ̀-Àwórì, ẹ̀yin tí ẹ ń ra iyọ̀ ní àpò ńlá, tí ẹ ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké tà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Áyódíìnì ni kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn. Bí kò bá tó lára aboyún, ó lè ṣàkóbá fún ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ètò fífi í sínú iyọ̀ ní 1993.

Nílé iṣẹ́, nǹkan bíi gíráàmù 84 potassium iodate ni wọ́n ń pò mọ́ tọ́ọ̀nù iyọ̀ kan, kí áyódíìnì lè jẹ́ mílígíráàmù 50 nínú kílò kọ̀ọ̀kan. Nísọ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní 30. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin, oòrùn àti ìdọ̀tí a máa lé e lọ. Nítorí náà:

1. Ẹ gbé àpò lé orí pákó. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà wa máa ń rin.

2. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Igbá gbígbẹ tó mọ́ ni kí ẹ fi bù ú, kì í ṣe igbá ajílẹ̀.

3. Ọ̀rá tí kò jò ni kí ẹ lò, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

4. Ẹgbẹ́ tó bá ń dì í lórúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC.

5. Ẹ kán oògùn àyẹ̀wò sórí iyọ̀ díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pa àwọ̀ aró, áyódíìnì wà níbẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ má tà á. Ẹ da èyí tí ẹ fi dánwò nù.

Bí iyọ̀ bá ti rin, sísá a sóòrùn kò lè dá áyódíìnì rẹ̀ padà. Ẹ tètè ṣọ́ ọ.