Ìyá Àgbà Kì Í Jáde Síta Mọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Fítámì D

  Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilé wa ni.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo lọ sí Àpòmù lọ kí ìyá tó bí màmá mi. Ẹni tó bá mọ Ìyá Àgbà láyé ọjọ́un mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé. Bí kì í bá ṣe ọ̀nà oko, a jẹ́ pé ìdí àtẹ lọ́jà lẹ ó ti bá wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣubú nílé ìwẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Egungun kò kán, a dúpẹ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba gbogbo ilé. "Màmá, ẹ má dìde." "Màmá, ẹ jókòó síbẹ̀, a ó gbé e wá bá yín." Báyìí ni wọ́n ṣe di ará inú yàrá. Kọ́tìnnì wà ní títì, fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọ́n ní, "Ọkọ mi, gbogbo egungun ara ló ń ro mí. Àtidìde lórí àga gan-an ti di iṣẹ́." Mo ní ọjọ́ orí ni, ara ò lè dà bí i tàná.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé Màmá ń lo fítámì D?" Ẹ̀rín pa mí. Fítámì D ní Àpòmù? Níbi tí oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sun iṣu? Ó ní, "Mo mọ̀ pé oòrùn wà níta. Ṣé Màmá wà níta?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Òun ló fà á tí mo fi lọ wádìí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí.

Iṣẹ́ wo ni fítámì D ń ṣe?

Èròjà tó ń mú kí egungun le ni a ń pè ní calcium. Ó wà nínú wàrà, nínú ẹ̀fọ́ kan, àti nínú ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegunteegun. Ṣùgbọ́n jíjẹ ẹ́ nìkan kò tó. Fítámì D ló ń ṣílẹ̀kùn fún un nínú ìfun kí ó tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí fítámì D kò bá tó, èyí tó pọ̀ jù nínú calcium tí èèyàn jẹ yóò kàn gba inú ìfun kọjá lọ ni.

Bẹ́ẹ̀ ara kò lè ṣe kó má ní calcium nínú ẹ̀jẹ̀, torí ọkàn àti iṣan ń lò ó ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, yóò lọ máa yọ ọ́ lára egungun, bí ìgbà tí ọlọ́jà bá ń jẹ lára owó òwò rẹ̀ nítorí pé kò rí èrè. Bó pẹ́ bó yá, egungun á rọ̀ tàbí kí ó máa tètè kán. Iṣan itan àti ti ìbàdí náà á máa rẹ̀. Egungun á máa ro èèyàn, ìrìn á wúwo, dídìde lórí àga á di ìnira. Ẹni tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ìṣubú.

Lóòótọ́, àìsàn mìíràn náà lè fa irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a má baà máa méfò.

Oòrùn wà, àmọ́ ta ló ń yá a?

Bí ìtànṣán oòrùn bá kan awọ ara ní tààrà ni ara ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fítámì D tirẹ̀. Ohun mẹ́rin ló máa ń dí àwọn àgbà lọ́wọ́. Èkíní, awọ ara arúgbó kò lè ṣe tó ti ọ̀dọ́ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó sínú oòrùn kan náà. Èkejì, awọ dúdú wa ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, nítorí náà ó gbà wá ní àkókò ju ti òyìnbó lọ. Ẹ̀kẹta, aṣọ tó bo gbogbo ara kì í jẹ́ kí ìtànṣán náà wọlé. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: gíláàsì fèrèsé ń dí ìtànṣán tó ń ṣe fítámì D. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì lè gba ooru títí tí yóò fi làágùn, kó má rí fítámì kankan gbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti ṣe fítámì D sára ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń gba àwọn aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù. Òun náà ni 400 IU tí ẹ máa ń rí lára ike. Fún àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú àgbà, àti àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní kí a rò ó láti máa lò ó yípo ọdún. Nígbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, tí Kòrónà sé àwọn èèyàn mọ́lé, ìjọba pín ti oṣù mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn àgbà ilé ìtọ́jú àti àwọn tí àìlera sọ di ẹni tí kò gbọdọ̀ jáde.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ní Faransé gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 3,270 tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àgbà. Ọjọ́ orí wọn súnmọ́ 84. Àwọn kan ń gba 800 IU fítámì D pẹ̀lú calcium lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń gba hóró oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn oṣù 18, kíkán egungun ìbàdí fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín lọ́dọ̀ àwọn tó gba ojúlówó.

Àmọ́ ẹ dúró ná, ẹ má tíì sáré lọ sí kẹ́míìsì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn èèyàn ní 2,000 IU lójúmọ́ nínú ìwádìí tó kó èèyàn 25,871 jọ. Èsì tó jáde ní 2022 ni pé kò dín egungun kíkán kù. Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn le, fítámì náà kò sì wọ́n lára wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó yó kò mọ adùn ẹ̀wà. Àǹfààní rẹ̀ wà fún ẹni tó ṣaláìní, àwọn arúgbó tí kì í jáde sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù.

Ti Ọsirélíà ló yẹ kó dẹ́rù bà yín. Wọ́n fún àwọn obìnrin tó ti lé ní 70 ọdún ní 500,000 IU lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Ní 2010, èsì fi hàn pé àwọn tó gba oògùn náà ló ṣubú jù, tí egungun wọn sì kán jù. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni ara ń fẹ́, kì í ṣe àpọ̀jù. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju 4,000 IU lọ lójúmọ́ àfi bí dókítà bá ní kó lò ó.

Kí wá ni ká ṣe fún tiwa?

Ní Ìkirè àti Àpòmù, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, yàrá inú ilé ọmọ ni ilé ìtọ́jú àgbà wa. Àwa gan-an ni nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo kọ́ rèé.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àga síta. Oòrùn tó dára ni èyí tí òjìji yín bá kúrú ju yín lọ, bí i aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kó kan apá àti ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fún wọn lómi mu, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ débi tí ooru yóò fi mú wọn. Oúnjẹ náà ń ràn án lọ́wọ́: ẹja Títù, sadín, ẹ̀dọ̀, pupa ẹyin. Ẹni tó bá ra dòdò Ìkirè fún Màmá ṣe dáadáa, àmọ́ kò sí fítámì D níbẹ̀ o.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú, pàápàá bí kíndìnrín bá ń yọ àgbà náà lẹ́nu tàbí tó bá ń lo oògùn ọkàn. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike. Ẹ rí i pé ọmọ kan kò ra tirẹ̀ kí òmíràn tún fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí ó má di méjì.

Bí àgbà bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ má fi ipá mú wọn, ẹ má sì yọ́ ọ sínú oúnjẹ fún wọn. Ẹ ṣàlàyé. Èmi sọ fún Ìyá Àgbà pé nítorí kí wọ́n lè dá dìde lọ sí ilé ìwẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n létí ju ọ̀rọ̀ egungun lọ. A so ó mọ́ oúnjẹ àárọ̀, torí pé ara máa ń gbà á dáadáa pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fún wọn, fóònù rẹ̀ ló sì ń rán an létí.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sá mi bí èlùbọ́ ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹnì kan kọjá tó kí wọn, ẹlòmíràn yà wọlé, ọ̀rọ̀ ọjà sì bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé wọ́n ti ń sáré. Ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ nígbà tó bá di aago mẹ́wàá báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń béèrè àga.

Tí ẹ bá pe ilé lálẹ́ yìí, ẹ má kàn béèrè bóyá Màmá ti jẹun. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ jáde síta lónìí?" Ó dìgbà kan ná.