Fáìlì Tó Ní Ojú: Bí Ìbéèrè Nípa Ọkàn Ṣe Kúrò Lórí Ìwé Bọ́ Sórí Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 2002, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní Ìlú Ọba gbé ìwádìí kan jáde. Arthur Stone, Saul Shiffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Wọ́n kó àgbàlagbà 80 jọ, tí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra. Wọ́n ní kí àwọn kan máa kọ bí ìrora náà ṣe ń ṣe wọ́n sínú ìwé, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní kọ̀ǹpútà kékeré àfọwọ́mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni kálukú gbọ́dọ̀ dáhùn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti aago mẹ́jọ alẹ́, fún ọjọ́ 21.

Ohun tí àwọn tó ń kọ ìwé kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ pínníṣín kan wà nínú fáìlì tí wọ́n kó ìwé náà sí. Bí wọ́n bá ti ṣí fáìlì, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ náà á kọ àkókò sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gba ìwé padà, gbogbo rẹ̀ ló rí rèterète. Bí a bá tẹ̀ lé aago tí àwọn aláìsàn fọwọ́ ara wọn kọ, ìdá 90 nínú 100 ìdáhùn ló bọ́ sí àsìkò. Ẹ̀rọ inú fáìlì ní kò rí bẹ́ẹ̀: ìdá 11 péré ni. Nínú ọjọ́ mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọjọ́ kan wà tí aláìsàn kò ṣí fáìlì rẹ̀ rárá láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, síbẹ̀ ìdáhùn kún ojú ewé ọjọ́ náà. Àwọn tó lo kọ̀ǹpútà ní tiwọn dáhùn lásìkò ní ìdá 94.

Èmi ò ní pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní òpùrọ́. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro gooro ní aago mẹ́wàá, bírò kọ́ ló máa kọ́kọ́ wá. Tó bá ku ọ̀la tó máa padà sọ́dọ̀ dókítà, á jókòó, á máa rántí, á máa kọ ọ́. Àmọ́ ìrántí ìrora kì í ṣe ìrora, dókítà sì ti fẹ́ fi í díwọ̀n oògùn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi lágbára ni pé ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún. A lè wọn ibà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí à ń kì sí abíyá láti fi wọn ìbànújẹ́. Ẹni tó ń ṣe la máa bi. Ìyẹn ló mú kí Robert Woodworth to ìbéèrè 116 jọ ní Amẹ́ríkà ní 1917, kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ ogun tí ọkàn rẹ̀ kò ní gba ìbọn àti àgbá. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, ogun sì parí kí wọ́n tó lè lò ó bó ṣe yẹ. Ní 1943, Hathaway àti McKinley ní Minnesota gbé ìdánwò ìwà àti ọkàn tí wọ́n ń pè ní MMPI jáde, tí ìbéèrè rẹ̀ lé ní 500. Láàárín ọdún 1960 sí 1965, ilé ìwòsàn Mayo Clinic ti ń fi kọ̀ǹpútà túmọ̀ èsì rẹ̀.

Ṣé ìdáhùn orí ìwé àti ti kọ̀ǹpútà wá dọ́gba? Ní 1993, Mead àti Drasgow yẹ ìdánwò làákàyè wò. Bí méjèèjì bá bára mu délẹ̀, 1 ni à bá pè é. Níbi tí kò ti sí ìkánjú, wọ́n rí 0.97, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi aago léni, ó já wálẹ̀ sí 0.72, torí pé ọwọ́ tó mú pẹ́ńsù yàtọ̀ sí ọwọ́ tó ń tẹ bọ́tìnnì. Ní 2008, Gwaltney àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 46 jọ lórí ìbéèrè tí aláìsàn ń dáhùn nípa ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín ìwé àti kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ti wá yé wa. Ìwé kò jẹ̀bi, kọ̀ǹpútà kì í sì í ṣe babaláwo. Ìgbà tí a dáhùn, àti ẹni tó ń dúró de ìdáhùn, ló ń jẹ́ kó wúlò.

Ẹ wo PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò káàkiri ayé. Èyí tó gbẹ̀yìn ń béèrè bóyá ó ti ń wá sọ́kàn ẹni pé ikú yá ju ayé lọ, tàbí kí èèyàn ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí a bá kọ ọ́ sórí ìwé ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì lè rí i kí aláìsàn tó dìde. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láàjìn, nínú yàrá òun nìkan, ta ló ń kà á?

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fún nírú ìbéèrè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn bó ṣe rí lára yín ní wákàtí tí wọ́n ní kí ẹ dáhùn, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó béèrè ohun tó wà lọ́kàn ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò dá a lóhùn.