Fíìmù Inú Ilé ti Àtijọ́: Bí Ó Ti Yẹ Kí A Fi Í Hàn àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Ká A Padà

Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn àwọn tí ó ti kọjá lọ, a máa wá a ní ẹnu àwọn àgbà, a máa wá a nínú ìwé, a sì máa wá a lára àwọn ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni a ti fi ohun kan kún ìwọ̀nyí tí àwọn baba ńlá wa kò ní, èyí ni fíìmù kékeré tí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ sinimá lè fi ya àwòrán àwọn ará ilé rẹ̀, kí wọ́n sì máa rìn, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín, lójú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń bẹ nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìdílé àti ìjọ títí di òní. Àwọn tí ó jogún rẹ̀ a máa fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n nítorí àìmọ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wò ó náà ni wọ́n ń bà á jẹ́.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn yìí wúwo ni èyí. Fọ́tò orí bébà a máa ní ìyá tí a lè fi tẹ òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ti fíìmù inú ilé, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, èyí tí ó wà nínú kámẹ́rà ní ọjọ́ náà gan-an ni a fi oògùn fọ̀ tí ó sì di èyí tí a ń wò. Bí ó bá ya, tàbí bí iná bá jó o, kò sí ìyá tí a lè padà tọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Alùfáà Solomon Sir Jones, oníwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi láàrin àwọn ènìyàn dúdú ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ya irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1924 títí di ọdún 1928. Ó ya ìrìbọmi nínú odò, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìtajà, ìsìnkú, àti àwọn ìdílé ní iwájú ilé wọn. Kẹ̀kẹ́ fíìmù 29 nínú wọn wà ní ilé ìkàwé Beinecke ní Yunifásítì Yale, a kò sì gbọ́ ohùn kankan nínú wọn. Ní ọdún 2016 ni Library of Congress ní Washington kọ wọ́n mọ́ àwọn fíìmù tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́ fún orílẹ̀-èdè náà. Bí ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ bá ti fi wọ́n sínú ẹ̀rọ tí kò tọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, a kì bá tí rí ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀ràn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, kí a mọ irú fíìmù tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ilé-iṣẹ́ Pathé ní ilẹ̀ Faransé mú èyí tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 9.5 jáde ní ọdún 1922. Àárín gbùngbùn, láàrin àwòrán kan àti èkejì, ni ihò rẹ̀ wà. Kodak ní Amẹ́ríkà mú mìlímítà 16 jáde ní ọdún 1923, mìlímítà 8 ní ọdún 1932, àti Super 8 ní ọdún 1965. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí bákan náà ni wọ́n fẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò etí Super 8 kéré, ó sì kọjú sí àárín àwòrán. Ti mìlímítà 8 àtijọ́ tóbi, ó sì wà ní ààlà àwòrán méjì. Ihò àárín kẹ̀kẹ́ Super 8 sì tóbi ju ti èkejì lọ. Bí a bá fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ tí a ṣe fún èkejì, eyín ẹ̀rọ náà yóò fa ihò rẹ̀ ya.

Èkejì, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fi í sínú ẹ̀rọ. Etí rẹ̀ ni kí a dì mú, kí a má ṣe fi ìka kan ojú àwòrán. Kí a wo ihò tí ó ti ya, àti ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ rí, bóyá ó ti ń ṣí. Kí a gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń jẹrà, yóò máa súnkì, yóò sì máa ká kò. Irú èyí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ mọ́, kí a sì yà á kúrò lára àwọn ìyókù.

Ẹ̀kẹta, kí a tún ẹ̀rọ ṣe. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku àti irun kúrò ní ojú ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, nítorí ìyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo tó láti fa ilà sára fíìmù láti orí dé ìdí. Nígbà tí a bá ń fi fíìmù sí i, àwòrán yóò dorí kodò, nítorí awò ẹ̀rọ ni yóò yí i padà sí òkè. Ní òkè ojú ihò náà àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fíìmù náà dẹ̀, kí ó tẹ̀ bí ọrun. Ìdí rẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ eléyín a máa yí láìdúró, ṣùgbọ́n níwájú ìmọ́lẹ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan a máa dúró díẹ̀ kí ó tó kọjá. Àyè tí ó tẹ̀ yìí ni ó ń gba ìjà láàrin àwọn méjèèjì. Bí kò bá sí, fíìmù ni yóò ya. Kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ díẹ̀ kí a tó tan iná.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣọ́ ọ bí ó ti ń lọ. Àwòrán 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìrìn fíìmù mìlímítà 8 àtijọ́. Ti Super 8 tí kò ní ohùn jẹ́ 18. Ti mìlímítà 16 tí ó ní ohùn jẹ́ 24. Bí àwòrán bá ń fò sókè sódò, àyè tí ó tẹ̀ ni ó ti sọnù. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a sì tún un ṣe. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fíìmù dúró níwájú iná gbígbóná, nítorí kíákíá ni yóò jó tí yóò sì yọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni kíká a padà, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àìbìkítà. Nígbà tí àfihàn bá parí, ìdí fíìmù ni ó wà lóde, orí rẹ̀ sì wà nínú. Bí a bá fi í hàn bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn yóò dorí kodò, wọn yóò sì máa rìn sẹ́yìn. Kí a pa iná, kí a sì mú fíìmù lọ tààrà láti kẹ̀kẹ́ tí ó gbà á padà sí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, láìgba ojú ihò ìmọ́lẹ̀ tàbí àárín àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín. Èyí tí a fi ọwọ́ ká ni ó dára jù. Àwọn àgbà wí pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí ọwọ́ wa má yára, kí ó má sì dúró lójijì. Bí ó bá dẹ̀, kí a má ṣe fa etí rẹ̀ kí ó lè le, nítorí eruku tí ó wà láàrin yóò ha ojú gbogbo àwòrán. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí a tún un ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí etí rẹ̀ ti wọ́ a máa gé fíìmù. Kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sí ibi tí ó tutù tí kò sì ní ọ̀rinrin, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń mú ìjẹrà yára.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ènìyàn ti wù kí ó mọ́ tó, gbogbo ìgbà tí a bá fi fíìmù hàn ni ó ń gbó díẹ̀. Kodachrome, tí ó jáde ní ọdún 1935, a máa pa àwọ̀ rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ a máa ṣá a. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò kọ́kọ́ wá àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń da fíìmù kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà ni yóò máa fi han àwọn àlejò, yóò sì tọ́jú ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí ó sì bi àwọn àgbà ilé léèrè orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Nítorí fíìmù lè pa ojú mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní ohùn kò lè dárúkọ ẹni tí ó ni ojú náà.